Ohun Tó Bá Ṣẹ́ Kù

Aago mẹ́wàá ni onítáǹpù ní òun máa dé, àmọ́ mẹ́sàn-án kò tíì lù tí àkọ́bí ti ń fi tépù wọn yàrá àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó wọn ojú fèrèsé, ó wọn ògiri, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́. Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bàsíà omi tó fi wẹ bàbá wọn dání. Inú ń bí i, àfi bíi kó da omi náà lé e lórí.

"Bọ̀dá, Bàbá ṣì wà láyé o."

"Ṣé mo ní wọ́n ti kú ni? Ọjọ́ tá a bá sin wọ́n ni kó o di ẹrù rẹ. Mi ò ní tún un sọ."

Ọdún mẹ́ta rèé tí àbúrò ti ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa, tó ń tọ́jú bàbá tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́. Kò ní ibòmíì tó lè forí pamọ́ sí ju ilé yìí lọ, ó sì rò pé bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí ní tirẹ̀ ti búra pé ìwé ogún tí òun kò bá kọ́kọ́ kà, òun máa fà á ya lójú gbogbo wọn ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá béèrè kálámù, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sójú bébà kan ṣoṣo: ilé di ti àkọ́bí, ohun yòówù tó bá ṣẹ́ kù di ti ọmọbìnrin.

Àkọ́bí kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ohun tó bá ṣẹ́ kù! Ìkòkò mẹ́rin àti ìgbálẹ̀. Àbúrò mi, o kú oríire."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá bàbá sọ ju "ẹ gbẹ́sẹ̀" àti "ẹ lanu" lọ. Bàbá náà kò bẹ̀ ẹ́.

Ojú ẹsẹ̀ ni àkọ́bí fẹ́ kí bàbá fọwọ́ sí i, ó ní ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́. Bàbá kọ̀.

"Ojú onítáǹpù ni mo ti máa kọ orúkọ mi. Èyí tá a bá ti fọwọ́ sí dè é, kò ní lu òǹtẹ̀ lé e."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò sí ní kóòtù mọ́, Bàbá."

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi ṣe akọ̀wé kóòtù. Kò sẹ́ni tó tún ń bi í ní nǹkan kan nípa rẹ̀.

Onítáǹpù dé lágogo mẹ́wàá géérégé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ bá èèyàn nílé, kó wo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ síwèé, kó sì lu òǹtẹ̀ òfin lé e. Ó nu bàtà rẹ̀, ó wọ yàrá bàbá, ó to òǹtẹ̀, tàdáwà àti ìwé ńlá rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́. Èmi kì í gbani nímọ̀ràn, òfin ò fún mi láyè. Tèmi ni kí n rí i pé ẹni tó ń fọwọ́ sí i ni ẹni náà lóòótọ́, pé orí rẹ̀ pé, pé wọn ò fipá mú un."

"Ta ló béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín?" ni àkọ́bí dáhùn. "Ẹ lu òǹtẹ̀ yín, kẹ́ ẹ máa lọ."

Onítáǹpù wo káàdì ìdánimọ̀, ó wo ojú bàbá. Ó bi í ní ọjọ́ tí òní jẹ́ àti ohun tó wà nínú ìwé. Bàbá kò ṣì í sọ.

"Ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú yín?"

Bàbá wo àkọ́bí tó ká apá gbera lẹ́nu ọ̀nà.

"Ohun tí mo fẹ́ ni mo kọ."

Ó fọwọ́ sí i. Ó wá ku ẹlẹ́rìí méjì. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbé lódìkejì ti wà níjòókòó, òun ni àkọ́kọ́.

"Kí ọmọbìnrin mi ṣe ìkejì," ni bàbá wí.

Àbúrò, tó dúró lẹ́bàá ibùsùn, yíjú sí bàbá. Kí òun fi ọwọ́ ara òun lé ara òun jáde? Kó tó sọ̀rọ̀, àkọ́bí ti já wọlé.

"Èyí? Kó lè sọ lọ́la pé a fipá mú òun ni? Láéláé! Èmi ni màá fọwọ́ sí i."

"Fi í sílẹ̀ fún un."

"Mo ní èmi ni! Ilé mi ni, àbí ilé ta ni?"

Onítáǹpù di kálámù náà mú, kò tíì nà án sí i.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ka ìwé yìí?"

"Lẹ́ẹ̀mẹta."

Onítáǹpù yíjú sí bàbá. Ojú àwọn méjèèjì pàdé fúngbà díẹ̀.

"Ẹ ní ẹ kì í gbani nímọ̀ràn," ni bàbá wí.

Onítáǹpù na kálámù sí àkọ́bí. Àkọ́bí fọwọ́ sí i gàdàgbà, òǹtẹ̀ bà lé e, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Àkọ́bí ń súfèé lọ, tépù wà nínú àpò rẹ̀.

Àbúrò ti ilẹ̀kùn gbàgà.

"Ẹ ṣeun o, Bàbá. Ọdún mẹ́ta! Ìgbẹ́ yín ni mo ń kó, ẹ sì tún fẹ́ kí n jẹ́rìí sí i pé ẹ lé mi síta."

"Gbé ìwé tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi," ni bàbá wí, "kó o tó bú mi tán."

Ìwé òfin àtijọ́ kan ni, tí èèpo rẹ̀ ti já, tí wọ́n ti ká etí ojú ewé kan nínú rẹ̀. Wọ́n fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ìlà kan níbẹ̀.

"Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ogún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ nínú rẹ̀," ni àbúrò kà, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, "ohun tí wọ́n pín fún un nínú rẹ̀ di òfo, a ó sì kà á mọ́ ohun tó bá ṣẹ́ kù."