Àmì Inú Ìdérí Aago

Àfẹ́sọ́nà ọmọ mi kúnlẹ̀ kí mi nínú ìsọ̀ tí mo ti ń tún aago ṣe.

"Bàbá, ẹ bá mi wo aago ọwọ́ yìí. Ọmọ yín ló rà á fún mi, ó ti dákẹ́. Ó ní n má yọ yín lẹ́nu. Mo ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo bá àmì ọwọ́ ara mi nínú ìdérí rẹ̀.

Aago tí mo bá tún ṣe, mo máa ń fi abẹ́rẹ́ ha àmì sínú ìdérí rẹ̀, kí n lè mọ ẹni tó ni ín. Ọmọ mi ò mọ̀. Iṣẹ́ òṣì ló pe iṣẹ́ mi, kò kọ́ ọ.

"Bàbá, ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́?"

Ọgbọ̀n ọdún ni ìyàwó mi fi wọ aago yìí. Èmi ni mo so ó mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú pósí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, ẹkún ò jẹ́ kí n lè dúró. Ọmọ wa gbá mi mọ́ra.

"Bàbá, ẹ máa lọ síta. Ẹ jẹ́ kí èmi àti Màámi dá wà díẹ̀ kí wọ́n tó kan pósí."