Ẹ̀rọ Tí Kò Gbà Pé A Ń Gbọ́ Òórùn

Kò séèyàn tó ń gbé fóònù níléeṣẹ́ panápaná mọ́. Ẹ̀rọ ló ń gbé e, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì ń gbà. Mo pè é láàárọ̀ yìí, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé mò ń gbọ́ òórùn gáàsì látilé Ìyá Motúnráyọ̀, aládùúgbò mi.

Ẹ̀rọ ní, “Ẹ tún un sọ. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, a kì í gbọ́ òórùn. Ariwo là ń gbọ́.”

“Ìyá arúgbó ń sùn níbẹ̀!”

“Ẹ kọ́kọ́ tún gbólóhùn yín ṣe.”

“Orí ẹ ò pé!”

Mo ki fóònù bọ àpò, mo fẹsẹ̀ jálẹ̀kùn, mo pọn Ìyá jáde. A ò tíì rìn jìnnà tí ilé fi bú gbàù.

Ẹ̀rọ ṣì ń bi mí látinú àpò pé, “Kí lẹ gbọ́?”

Mo figbe ta. “Ariwo! Ariwo ni mo gbọ́, ọ̀dájú!”

“Ó tọ̀nà báyìí. Ẹ ṣeun. Níbo nilé náà wà?”