Ẹni Tó Ni Ìjà

Taréki ń pọ́n idà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Olóyè Ládàpọ̀ gbé àga àti agbòjò wọ pápá ìdájọ́. Jagunjagun obìnrin ni Taréki, láti ayé kejì tó wà lẹ́yìn òṣùpá. Láti ìgbà tí òfin ti ní kí a máa fi idà yanjú ẹjọ́ ilé, irú rẹ̀ ni àwọn olówó bíi Ládàpọ̀ ń háyà.

Mojírádé, àbúrò Ládàpọ̀, kò rówó háyà ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró, ó di ọmọ odó mú. Ilé tí bàbá wọn fún un ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ gbà.

"Ẹ bọ́ síwájú, Olóyè," ni Taréki wí.

"Èmi kẹ̀? Ṣebí mo ti sanwó?"

"Nílùú wa, ẹni tó ni ìjà máa ń dúró níbi tí idà ti lè bà á. Bí n bá jà fún ẹni tó jókòó, mo dójú ti ìyá mi."

Mojírádé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pe ara yín ní Kìnnìún?"

Ládàpọ̀ wo idà náà. Ó ní òun fẹ́ lọ mu omi. Ó kọ́kọ́ rọra ń rìn, kó tó bẹ́ sí eré.

Oríkì ìdílé wọn kún fún ẹkùn àti ẹfọ̀n. Èmi tí mo dúró wòran kò rí ìkankan lọ́jọ́ náà.

Taréki ki idà bọ àkọ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún Mojírádé. Adájọ́ ní ẹni tó sá ti pàdánù, ó sì fún Mojírádé ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Agbòjò Ládàpọ̀ ṣì wà ní pápá, ó ṣí sílẹ̀ lórí àga.