Àyè Tó Ṣófo Nínú Ọkọ̀ Clem

"Èèyàn mélòó ló ń gbé níbí, Màmá Dulcie?" òṣìṣẹ́ ìkànìyàn bèèrè, ó ń gbọn eruku pupa kúrò lára bàtà rẹ̀.

"Èmi nìkan."

"Ọkọ yín, Bàbá Clem, ńkọ́? A ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé nínú ọkọ̀ wọn lọ́nà ni. Wọ́n tiẹ̀ na ìka kan sókè lórí sítíárì, bí gbogbo wa ṣe máa ń kíra wa lójú ọ̀nà."

Ìyá náà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "A ti sin ín láti àsìkò tí a rẹ́ irun àwọn àgùntàn wa kẹ́yìn."

Òṣìṣẹ́ náà gbé bírò rẹ̀ kúrò lórí ìwé.

"Ta ló jókòó tì í nínú ọkọ̀ náà?" ìyá náà bèèrè.

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Àyè ibẹ̀ ṣófo."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dé fìlà rẹ̀. "Má wulẹ̀ kà mí mọ́, ọmọ mi."

Ọkọ̀ kan fọn fèrè lẹ́nu géètì.