Aṣọ Òtútù Tí Kò Ní Wajawaja

Gbogbo ẹni tó ń ṣe irun lọ́dọ̀ onídìrí ló mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ wà lókè òkun. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn. Ó ní awakọ̀ ni ọkọ òun níbẹ̀, pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè pe òun déédéé, àti pé òtútù ibẹ̀ le. Nínú gbogbo ohun tó sọ, ti òtútù nìkan ni kì í ṣe irọ́.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ọkọ wà. Ó fi ọkọ̀ kọ lu ọkùnrin kan lójú títì lọ́jọ́ òjò, kò sì dúró. Bó bá dúró ni, wọn ì bá pè é ní jàǹbá. Sísá tó sá ló sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù, ó wá sí àdúgbò tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni wọ́n fi tọ́ ọ nílé bàbá rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ kọjá, kò lọ wo ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé. Ọkọ ò bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Ó ní orí ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì làwọn ń sùn, ikọ́ ò sì jẹ́ kóun fojú kan oorun. Ṣé ó lè fi aṣọ òtútù kan tóun á máa fi bora sùn ránṣẹ́? Kó má ṣáà ti ní wajawaja létí, wọn ò ní gbà á wọlé. Onídìrí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi í sábẹ́ ìkòkò ìrẹsì. Ojú ń tì í pé ọkọ òun wà lẹ́wọ̀n. Ojú tún ń tì í pé ọ̀rọ̀ ọkọ òun ń ti òun lójú.

Ó wá aṣọ náà dé ọjà, kò rí irú rẹ̀ rà. Ló bá sọdá sọ́dọ̀ Ìyá Olówùú, àgbàlagbà tó ń ta òwú ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀, tó sì ń kọ́ èèyàn ní kóróṣé, iṣẹ́ fífi ìkọ́ hun òwú. Ìyá náà máa ń sọ pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tóun bí wà lókè òkun bákan náà, àmọ́ kì í fi ṣe fọ́ńté.

"Ti ọjà ńkọ́?" Ìyá Olówùú bi í nígbà tí onídìrí ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òtútù.

"Gbogbo wọn ló ní wajawaja létí, Màmá."

Ìyá Olówùú wò ó díẹ̀. "Ta lo fẹ́ hun ún fún, ìyàwó mi?"

"Bàálé mi ni. Òtútù ibi tí wọ́n wà yẹn le."

"Ti ọ̀dọ̀ ọmọ mi náà le. Mú ìkọ́."

Onídìrí na ọwọ́ sí òwú búlúù. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé aláwọ̀ ilẹ̀ fún un. Ó ní búlúù máa ń tètè ṣá.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń hun ún, àyàfi Ọjọ́bọ̀ tí ìyá máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ gba ìtọ́jú orúnkún. Ọwọ́ onídìrí yá, ṣùgbọ́n ó ń fún òwú mọ́lẹ̀ jù.

"Orí kọ́ lo ń dì," ni Ìyá Olówùú wí. "Tú u. Gbé e sójú. Bó ò bá rí mi láti inú ihò rẹ̀, o ti fún un jù."

"Ṣé òtútù ò ní gba ibẹ̀ wọlé, Màmá?"

"Òwú tó nípọn ló ń lé òtútù. Hun ún bí mo ṣe wí."

Nígbà tó kù díẹ̀, ìyá fi apá ara rẹ̀ wọn ìbú aṣọ náà. Ó ní ó tó bẹ́ẹ̀, àyè ìsùn wọn lọ́hùn-ún ò fẹ̀. Ó so etí òwú, ó sì gé e.

"Kò nílò wajawaja. Ẹ̀rọ ìfọṣọ òkè òkun máa ń jẹ ẹ́."

Onídìrí tètè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ń ronú láti ọjọ́ mẹ́ta lórí irọ́ tó máa pa bí ìyá bá bi í ìdí tí kò fi fẹ́ wajawaja. Ó dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ tán.

"Dìde, jàre. Ohun tó ṣe ojú ló ṣe imú," ni ìyá wí. "Ta ló máa bá ọ mú un lọ?"

"Ẹnìkan ń lọ lọ́sẹ̀ yìí, Màmá."

"Ohun téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ hun, ì bá dáa kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún olóhun."

Onídìrí rẹ́rìn-ín, ó ní òkun ló wà láàárín. Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ìyá tó fi òótọ́ inú kọ́ ọ níṣẹ́, irọ́ ló ń pa fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gba ẹrù lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Inú rẹ̀ dùn sí i, torí ṣọ́ọ̀bù òwú á wà ní títì, kò sẹ́ni tó máa bi í ohun tó wà nínú báàgì. Ó fa gèlè bo iwájú orí. Ó ti pinnu pé òun á gbé aṣọ náà sílẹ̀ lẹ́nu géètì, òun á sì pẹ̀yìn dà.

Wọ́dà tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì. Wọ́n kọ òfin sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀: kò gbọdọ̀ ní wajawaja, kò gbọdọ̀ jẹ́ búlúù bíi ti wọ́dà, ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọ̀pá lọ, ojú gbọdọ̀ ríran gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́dà gbé ọ̀pá lé e, ó ṣe wẹ́kú. Ó nà án sókè sí oòrùn, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ láti inú ihò rẹ̀.

"Kò sí àbùkù kankan," ló wí. "Ẹ lọ jókòó ti àwọn yòókù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi lé e lọ́wọ́."

Onídìrí yíjú sí bẹ́ǹṣì tí àwọn obìnrin jókòó lé, ó sì rí Ìyá Olówùú tó gbé aṣọ òtútù aláwọ̀ ilẹ̀ mìíràn lé orúnkún, tó sún díẹ̀, tó ní, "Ìyàwó mi, ó ti tó Ọjọ́bọ̀ mélòó kan tí mo ti ń fi àyè sílẹ̀ dè ọ́ níbí."