Orí Ilẹ̀ Ta Ni?

Kò sí ẹni tó ń jiyàn pé Lyle Beaudry ló pa ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá: ó ra okùn sílẹ̀, ó tan Kaisa lọ sí ilé ọkọ̀ ojú omi tó wà létí adágún Superior, ibẹ̀ ló sì ti fún un lọ́rùn pa. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ní ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Michigan ni ilẹ̀ tí ilé ọkọ̀ náà dúró lé.

Gerald Vosburgh, lọ́yà Lyle, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ yẹn ni irun orí rẹ̀ funfun sí, kò sì fẹ́ràn kí ẹjọ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní láyé àtijọ́, ìjọba àpapọ̀ ra etí omi yẹn láti kọ́ ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, ìpínlẹ̀ sì yọwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Bí ilé ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, adájọ́ ìpínlẹ̀ kò lẹ́nu níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ń dúró de Lyle. Àwọn òkúta ààlà sì ti pòórá láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tó dàgbà sí ọgbà ilé iná náà ló ṣẹ́kù láyé, Hilja Saarela, tí bàbá rẹ̀ ń tan iná ibẹ̀. Òun náà ni ìyá Kaisa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn Norm Tregear, agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀, fi balẹ̀, títí tó fi gbọ́ pé ìyá náà ti gbà láti jẹ́rìí fún Lyle.

Lọ́jọ́ Sátidé, Hilja àti Impi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, jókòó sínú sọ́nà, yàrá ooru tí wọ́n ti ń wẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"Hilja, ṣé orí ẹ pé báyìí? Ẹni tó pa ọmọ ẹ lo fẹ́ lọ jẹ́rìí fún?"

Hilja da omi sórí òkúta gbígbóná. Ooru bò wọ́n lójú.

"Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ."

"Ta ló bi ẹ́? Ṣáà ní o ò rántí. Arúgbó ni ẹ́, wọ́n á gbà."

"Èmi ni arúgbó? Ìwọ tó o gbàgbé eyín ẹ sínú ife tíì mi lánàá ńkọ́?"

Impi kò rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló bú sí. "Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ nínú yàrá yìí, Hilja!" Hilja mú ìdì ewé tí wọ́n fi ń wẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń fi í nà án lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Tregear dá a dúró lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́.

"Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ n ti ọkùnrin yìí mọ́lé títí ayé ẹ̀. Ibi tí agbára òfin wa mọ nìyẹn, mo sì fẹ́ gbà á fún yín. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi lónìí, mi ò lè ṣèlérí ohunkóhun."

"Mo gbọ́, Norm. O ṣeun."

"Ṣé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ yín ni?"

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ìjókòó ló kún. Lẹ́yìn pátápátá, obìnrin kan tí ará ìlú kò mọ̀ jókòó nínú ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú. Hilja mi orí sí i bó ṣe ń kọjá.

Vosburgh fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Mà, ilé ọkọ̀ yẹn, inú ilẹ̀ ilé iná ló wà àbí ìta?"

"Inú ni."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bàbá mi ló ń kùn ún. Ọ̀dà ìjọba àpapọ̀ ni, ahun sì ni bàbá mi tó bá kan ọ̀dà yẹn. Ibi tí ilẹ̀ ìjọba bá parí sí ni búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ń dúró. Ìdajì igi ọgbà aládùúgbò wa ló kùn, ó fi ìdajì tó kù sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò kí wa mọ́ títí tó fi kú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè pa ẹnu mọ́. Tregear dìde.

"Ìyá, ó ti pẹ́ gan-an. Ṣé kò lè jẹ́ pé ẹ ṣì í rántí?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Hilja wo ojú Lyle.

"Rárá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òkúta ààlà wà lẹ́yìn ilé ọkọ̀, lápá igbó. Orí ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí."

Ẹnì kan pariwo pé, "Irú ìyá wo lèyí!" Impi dìde, ó jáde, ó sì fi ìbínú ti ilẹ̀kùn. Ó dun Hilja wọra, ṣùgbọ́n kò yíjú padà.

Adájọ́ sọ̀rọ̀ ṣókí. Ilé ẹjọ́ òun kò ní agbára lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó sì tú ẹjọ́ náà ká. Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ Lyle. Ó wá bá ìyá ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Mọ́mì, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ọlọ́run á san án fún yín."

Hilja jẹ́ kó di òun lọ́wọ́ mú. "Máa lọ, Lyle. Òtútù wà níta, de bọ́tìnì ẹ̀wù ẹ."

Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọkùnrin méjì dá Lyle dúró. Obìnrin ẹlẹ́wù eérú wà láàárín wọn. Agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn mú un lórúkọ ìjọba àpapọ̀, nítorí ìpànìyàn tó wáyé lórí ilẹ̀ rẹ̀. Lyle yíjú sí lọ́yà rẹ̀.

Vosburgh gbá a léjìká. "Fara balẹ̀. Mo ti rò ó. Ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a sì lè rí ọ̀nà àbáyọ. Tó bá burú tán, ẹ̀wọ̀n gbére kan náà ni."

Lyle mí kanlẹ̀, ó gbé ojú sókè sí fèrèsé tí Hilja dúró sí, ó sì juwọ́ sí i.

Ó ti pẹ́ tí ìpínlẹ̀ Michigan kò ti pa ọ̀daràn kankan mọ́, débi pé lọ́yà ibẹ̀ lè darúgbó láì ronú kan ikú, ṣùgbọ́n kí Hilja tó gbà láti jẹ́rìí, ó ti pe agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ wá sí ilé ìdáná rẹ̀, ó sì bi í bóyá òótọ́ ni pé àwọn ní tiwọn ṣì ń pa apànìyàn.