Ọjọ́ Kan Sí I

Ọjọ́ Àìkú ló yẹ kí Brendan Tully dá àwọn ọmọ padà fún ìyá wọn ní Adelaide. Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn nígbà tí òun àti Bronwyn kọ ara wọn sílẹ̀: ọ̀dọ̀ ìyá ni àwọn ọmọ á máa gbé, bàbá ló ni ìsinmi ilé-ìwé. Ọjọ́ Àìkú náà ti kọjá. Jíìpù Brendan kò sì kọrí sílé. Inú aṣálẹ̀ ló ń wọ̀ lọ. Willa ọmọ ọdún mẹ́fà àti Fergus ọmọ ọdún mẹ́ta jókòó sẹ́yìn nínú àga ọmọdé, eruku pupa ti kùn wọ́n bí osùn.

Ìrìn-àjò náà kọ́kọ́ dùn. Inú àgọ́ tó wà lórí òrùlé jíìpù ni wọ́n ń sùn. Wọ́n rí ẹyẹ emu kan tó ń bá ọkọ̀ sáré, Fergus sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ̀ sídìí igi láì tọ̀ sí bàtà. Láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ń wẹ̀ nínú ìsun omi kan nígbà tí fóònù Brendan dún. Ó rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kó tó gbé e, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn kò tíì ní í lọ sílé, àwọn á fi ọjọ́ kan sí i. Willa pariwo ayọ̀, ó da omi sí i lójú. Brendan pa fóònù, ó tì í sábẹ́ àga ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sá fún ọ̀nà ọlọ́dà. Tó bá dé ibi tí iyanrìn ti jìn, á bọ́ sílẹ̀, á yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú táyà kí wọ́n má bàa rì. Fergus bì sára aṣọ. Brendan nù ún, kò bá a wí. Bàbá tó máa ń le ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí kò sí ohun tí wọ́n tọrọ tí kò fún wọn. Wọ́n ń jẹ bisikíìtì kí oúnjẹ tó jinná. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ kan tó tẹ́jú lọ bẹẹrẹ, ó gbé Willa lé ẹsẹ̀, ó jẹ́ kó di ìdarí ọkọ̀ mú. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ń rẹ́rìn-ín, á tẹjú mọ́ wọn nínú dígí títí ọkọ̀ á fi fẹ́ẹ̀ yà kúrò lọ́nà.

Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Àwọn èèyàn wà ní Adelaide tí wọ́n ń ṣọ́nà, òun kò sì ní ẹ̀tọ́ kankan láti dá wọn dúró. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé tílẹ̀ bá mọ́, òun á yí orí ọkọ̀ padà. Ilẹ̀ á mọ́, á tún fi òní dónìí, á fi ọ̀la dọ́la.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká pe Mọ́mì,” ni Willa wí.

“Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí.”

“Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí lánàá.”

“Kò sí náà ni, ọmọ mi.”

Nígbà tó yá, Willa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Fergus ní ohun tí wọ́n máa sọ fún Mọ́mì nípa ẹyẹ emu: Fergus ló máa sọ bó ṣe ga tó, òun ló máa sọ bó ṣe sáré tó. Brendan dá ọkọ̀ dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ wo táyà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, epo fẹ́ẹ̀ tán, ó sì di dandan kí wọ́n yà sí ilé epo kan lẹ́bàá ọ̀nà. Raelene, ìyá àgbàlagbà tó ni ibẹ̀, din ànàmọ́ fún àwọn ọmọ, ó sì ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀ pé eruku ara wọn tó gbin ẹ̀gẹ́. Ó bi wọ́n pé ìyá wọn ńkọ́. Willa ní ìyá àwọn wà nílé, pé ó yẹ kí àwọn ti padà, ṣùgbọ́n Dádì kò fẹ́ kí àwọn pè é.

Raelene nu ọwọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ bá Brendan nídìí ẹ̀rọ epo.

“Ìyá wọn mọ ibi tẹ́ ẹ wà?”

“Rárá,” ni Brendan wí. “Kò mọ̀.”

“Ọ̀gbẹ́ni, ọmọ kì í ṣe ẹrù téèyàn ń gbé sá kiri.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ gbé wọn lọ sílé.”

“Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é ni.”

Obìnrin náà wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó wọlé. Láti ẹnu ilẹ̀kùn, Brendan rí i pé ó ti gbé fóònù sétí, ó sì ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ òun síta. Epo ti kún inú ọkọ̀. Ó lè wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ra áísìkiriìmù, ó jókòó ti àwọn ọmọ, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lá a.

Òrùn ti ń rọlẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ni. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ gun ọkọ̀ rẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, Raelene sì dúró tì wọ́n, ó káwọ́ gbera, kò gbójú kúrò lára bàbá wọn. Ọlọ́pàá náà mú Brendan lọ sábẹ́ ibòji.

“Mo ti pe Adelaide kí n tó máa bọ̀,” ló wí.

Brendan ní kó jọ̀ọ́, ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣe, kó má ṣe é lójú àwọn ọmọ.

Ọlọ́pàá náà ṣí fìlà rẹ̀. “Ìyá Bronwyn ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò tíì sin ọmọ òun, àwọn ọmọ yìí làwọn ń dúró dè,” ló wí, “ó sì ní tí ẹnu yín ò bá gbà á láti sọ fún wọn, kẹ́ ẹ ṣáà gbé wọn bọ̀, òun á sọ ọ́.”